Àwọn Ohun Àtijọ́ Tí Ó Wà Nínú Ilẹ̀

Ní Ìdímù yìí, agbára káká ni ọjọ́ kan fi ń kọjá tí a kò rí ẹni tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Èyí ni ó mú wa yan ọ̀rọ̀ òní.

Ní ọdún 1938, àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni ní Ifẹ̀, kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń fi ṣe ìran wò lónìí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kọ bí wọ́n ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀, tàbí ohun tí ó yí wọn ká. A rí orí, a kò rí ìtàn wọn. Ọ̀kan nínú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù títí di òní.

Ṣáájú èyí, ní ọdún 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, ti wá sí Ifẹ̀, ó sì wí pé ọwọ́ àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ àwọn baba wa. A kì í fi ìbínú dá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn. Ẹ̀rí ni a fi ń dá a lóhùn.

Ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ń gbà wá ẹ̀rí kò ní idán nínú. Ilẹ̀ a máa gun ara rẹ̀ bí ìgbà tí a tẹ́ ẹní lórí ẹní. Ti ìsàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, àfi bí ẹnìkan bá ti gbẹ́ kòtò dà á rú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ha iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń jọ̀ ọ́ nínú ajọ̀, tí wọ́n sì ń kọ ibi tí wọ́n ti rí ohun kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá rí èédú, inú wọn a dùn. Igi tí ó wà láàyè ń gba irú káríbọ́ọ̀nù kan sára. Bí ó bá kú, kò gbà á mọ́, èyí tí ó wà nínú rẹ̀ a sì máa dínkù, ìdajì rẹ̀ a lọ ní nǹkan bí ọdún 5,730. Willard Libby ní Amẹ́ríkà ni ó fi ọ̀nà yìí han ayé ní ọdún 1949. Òun ni a fi mọ̀ pé ẹni tí Thurstan Shaw wú egungun rẹ̀ ní Ihò Eléérú, lápá Àkúrẹ́, ní ọdún 1965, ti kú láti ohun tí ó ju 11,000 ọdún lọ.

Igbó Olókun ní Ifẹ̀ ni ó wù wá jù. Frobenius wa ilẹ̀ níbẹ̀. Àwọn mìíràn sì ń wa á láti kó ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ní ọdún 2011 àti 2012, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá fi sùúrù wú ibẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí tí dígí ṣì lẹ̀ mọ́. Èròjà dígí náà kò bá ti òkè òkun mu. Ní Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Àfọ́kù ìkòkò, tí ẹnikẹ́ni kì bá bẹ̀rẹ̀ mú, ni ó dá ará Jámánì náà lóhùn.

Àwọn baba Àwórì sọ fún wa pé Ọlọ́fin tẹ̀lé àwo tí ń léfòó lórí omi títí ó fi rì. Ìtàn náà kò sọ ọdún. Abẹ́ ilẹ̀ wa lè sọ ọ́, bí kọ̀ǹkéré kò bá kọ́kọ́ bò ó. Nítorí náà, bí àwọn òṣìṣẹ́ yín bá kan àfọ́kù púpọ̀ tàbí egungun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ṣà á. Ẹ wọn bí kòtò náà ti jìn tó, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn kí a tó da sìmẹ́ǹtì.