Ta Ló Pa Áísì? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Gbangba ní Ìgándò

 Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ fóònù àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ mọ áísì (IC), ọwọ́ yín ń kàn án lójoojúmọ́. Jack Kilby fi àkọ́kọ́ rẹ̀ hàn ní Texas ní 1958. Lónìí, èyí tó dà bí èékánná ń gbé bílíọ̀nù tiransísítọ̀. Ẹ sì mọ ṣọ́ọ̀tì: ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé ti kan ọ̀nà tó ń gbà padà. N kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ìjà ni mo bá wá. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń bá àwọn kan fà á lórí gbólóhùn yìí: "Áísì ti jóná, ẹ mówó wá." Mítà ké, wọ́n ti gbé blower, áísì ti kúrò. Ta ni wọ́n bi? Mítà tó ké kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Lórí ìlà iná kan ṣoṣo, kapásítọ̀ lè tó ogún, áísì lè tó mẹ́rin; bí ẹyọ kan bá ṣọ́ọ̀tì, gbogbo ìlà ló kú.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà nítòsí ilé ìwòsàn ìjọba níbí gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ó já bọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Oníṣẹ́ kan ti pààrọ̀ páwà áísì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbowó lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ bátìrì. Mo jẹ́ kí èéfín oje tí a fi ń jó òjé bà lé bọ́ọ̀dù títí ó fi funfun bí ẹni kun ẹfun. Mo fi iná fólítì 1 sí i, mo sé e mọ́ ampere 1. Kò pẹ́, ojú kan yọ́, ẹfun ibẹ̀ mọ́ gaara. Kì í ṣe áísì. Kapásítọ̀ kan ni, kò tó ìdajì hóró ìrẹsì, létí bọ́ọ̀dù. Ìpele-ìpele ni inú rẹ̀: irin, amọ̀, irin, amọ̀. Nígbà tí fóònù bọ́, bọ́ọ̀dù tẹ̀, amọ̀ sán, irin kan irin. Mo yọ ọ́, mítà dákẹ́, fóònù tàn. Ìyá náà sunkún: àwòrán ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tẹ fólítì 4 wọ ìlà tí kò ju fólítì 1 lọ, ẹ̀yin lẹ ń pa ọpọlọ fóònù tó wà láàyè. Mítà sábà máa ń ké lórí ìlà ọpọlọ láìsí ṣọ́ọ̀tì rárá, torí ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dí iná lọ́nà. Ẹ wọn bọ́ọ̀dù tó dára, irú kan náà, kí ẹ fi wé e. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í dá irin tí a fi ń jó òjé padà fún mi àfi tí mo bá kọ ohun tí mítà mú sílẹ̀. Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ìwé tiyín dà?

Bó bá wá jẹ́ áísì gan-an ló ṣọ́ọ̀tì, ẹ wá ohun tó pa á. Iná lè gba ẹsẹ̀ mìíràn wọ inú rẹ̀ kí iná tirẹ̀ tó dé. Ẹ̀bùrú kan nínú sílíkọ́ọ̀nù á ṣí, kò sì ní tì àfi tí ẹ bá paná pátápátá. Latch-up ni wọ́n ń pè é. Bí iná bá pọ̀ níbẹ̀, irin tín-ín-rín inú rẹ̀ á yọ́. Bí ẹ bá gbé áísì tuntun síbẹ̀ láìtún ìdí rẹ̀ ṣe, yóò tún lọ.

Alága ti ń na aago sí mi. Ti fóònù tó bọ́ sómi: ẹ kọ́kọ́ yọ bátìrì, ẹ fi spírítì fọ bọ́ọ̀dù, ẹ má rì í sínú ìrẹsì.

Bọ́ọ̀dù méjì ló wà lórí tábìlì yìí, mítà ń ké lórí méjèèjì, ọ̀kan ṣoṣo ló ní ṣọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ gbé mítà yín wá.