ÀKÁ TIWA, KỌ́KỌ́RỌ́ TIWA
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ lórí bí a ó ti máa pa iṣẹ́ ìwé wa mọ́)



Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ orúkọ Àlùfáà Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́ rí? Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé ìtàn ìran wa, tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣà jọ lẹ́nu àwọn arọ́kin àti àwọn àgbà. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ìlú Òyìnbó, ó sì sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kan ìwé rẹ̀. Bí kò bá ṣe pé àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, rí àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù sílẹ̀, tí ó sì fi sùúrù tún gbogbo rẹ̀ kọ, ohun tí a mọ̀ nípa ara wa ìbá dín kù púpọ̀. Nígbà tí a sì tún fi í ránṣẹ́, ọkọ̀ Appam tí ó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun ní oṣù kìíní ọdún 1916, ó sì di Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde.

A kò mú ìtàn yìí wá láti bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹjọ́. Ìbéèrè méjì ni a fẹ́ fà yọ nínú rẹ̀: ẹ̀dà mélòó ni ó wà, ta ni ó sì di kọ́kọ́rọ́ mú? Ìbéèrè méjèèjì náà ni ó dojú kọ ẹgbẹ́ wa lónìí. Àkójọ ọ̀rọ̀ tí a ń ṣe, ìwé kíkà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, àti oríkì orílẹ̀ tí a ń kọ sílẹ̀, inú fóònù àti kọ̀ǹpútà oníkálùkù ni wọ́n wà. Ẹnìkan pe ẹ̀dà tirẹ̀ ní “ìkẹyìn”, ẹlòmíràn pe tirẹ̀ ní “ìkẹyìn pátápátá”, ẹnìkẹta sì kọ “èyí ni kí ẹ lò” sára tirẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò mọ èyí tí a ó gbà?

Irinṣẹ́ kan wà tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fi ń yanjú irú ọ̀ràn yìí. Git ni orúkọ rẹ̀. Bí akọ̀wé olóòótọ́ ni ó rí: nígbàkigbà tí ẹnìkan bá ṣe àtúnṣe, tí ó sì fi lé e lọ́wọ́, Git a kọ orúkọ ẹni náà, ọjọ́ àti wákàtí, ìlà tí ó yí padà, àti ìdí tí onítọ̀hún sọ pé òun fi yí i padà. Kì í pa ti àtijọ́ rẹ́. Bí ẹnìkan bá sọ “igbá” di “igba”, a ó rí i, a ó sì lè dá a padà. Bí ẹni méjì bá ṣe àtúnṣe ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Git lè da iṣẹ́ wọn pọ̀. Bí ìlà kan náà ni wọ́n jọ fọwọ́ kàn, yóò dúró títí wọn yóò fi fi ẹnu kò. Èyí tí ó ga jù ni pé ẹni tí ó bá gba iṣẹ́ náà sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, gbogbo ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ni ó gbà. Bí ogún ọmọ ẹgbẹ́ bá gbà á, ogún ẹ̀dà ni a ní.

Ẹ gbọ́ bí Git fúnra rẹ̀ ti ṣe wáyé. Àwọn tí ń kọ Linux, tí Linus Torvalds jẹ́ olórí wọn, ń lo irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ BitKeeper, tí àwọn tí ó ni ín fi fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2005, àwọn tí ó ni ín fa ọwọ́ sẹ́yìn. Torvalds jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ Git ní oṣù kẹrin ọdún náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n kó iṣẹ́ Linux sínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé: “GitHub ńkọ́? Ṣebí ọ̀fẹ́ ni.” Òtítọ́ ni, ilé rere sì ni. Ṣùgbọ́n àyálégbé ni a jẹ́ níbẹ̀. Ní 2018, Microsoft kéde pé òun yóò ra ilé náà ní bílíọ̀nù méje àbọ̀ dọ́là. Àyálégbé kì í dá sí irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ní 2019, nítorí òfin ìjọba Amẹ́ríkà, ilé náà ti àká ìkọ̀kọ̀ mọ́ àwọn òǹlò kan ní Iran àti Syria. Ó di 2021 kí àwọn ti Iran tó rí ìyọ̀ǹda gbà. Google pẹ̀lú ní irú ilé bẹ́ẹ̀ rí, Google Code ni orúkọ rẹ̀. Ó kéde ní 2015 pé òun yóò tì í, ó sì tì í ní oṣù kìíní 2016. A kò dá wọn lẹ́bi: onílé ni ó ni àṣẹ ilé rẹ̀. Nítorí náà ni a fi ń wí pé kí ẹgbẹ́ yìí ní ilé tirẹ̀.

Ohun márùn-ún ni ilé náà gbà.

Èkíní ni ẹ̀rọ. Sáfà ni à ń pe kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí àwọn yòókù ń tọ̀ lọ gba nǹkan. Kò di dandan kí ó tóbi: kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí a fi Linux sí, tàbí Raspberry Pi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó fún ẹgbẹ́ bí tiwa. Iná mànàmáná ni ìṣòro. A lè gbé e sí ibi tí ínfátà wà, a sì lè háyà ààyè lórí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí iná kì í kú níbẹ̀. Bí a bá háyà, ilẹ̀ nìkan ni a háyà. Ilé orí rẹ̀ tiwa ni, a sì lè kó o lọ síbòmíràn.

Èkejì ni ojú tí a ó fi máa rí inú àká náà. Git nìkan, àṣẹ tí a ń tẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ni ó ń gbọ́, èyí sì lè ba àgbà lẹ́rù. Forgejo tàbí Gitea ni a ó gbé lé e. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọn kò sì béèrè agbára ẹ̀rọ púpọ̀. Nípa wọn, ọmọ ẹgbẹ́ yóò ṣí àká láti orí fóònù rẹ̀, yóò rí ọ̀rọ̀ tí a yọ ní pupa àti èyí tí a fi rọ́pò rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, yóò sì kọ èrò tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ẹnu-ọ̀nà. Ojú ọ̀nà 3000 ni ètò náà sábà máa ń jókòó sí. A kò gbọdọ̀ ṣí i gbayawu sí ìgboro. A ó fi Caddy tàbí Nginx ṣe oníbodè níwájú rẹ̀, a ó ra orúkọ fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ó sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ Let's Encrypt, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí ọ̀rọ̀ aṣínà wa gbọ́ lójú ọ̀nà. Kí a ti ìforúkọsílẹ̀ àjèjì pa láti ọjọ́ kìíní, kí àwọn onípolówó ẹ̀tàn má bàa kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ kà, kí ó kà. Ẹni tí yóò kọ, ẹgbẹ́ ni yóò fún un láyè.

Ẹ̀kẹrin ni ìlànà ìkọ̀wé. Lẹ́tà bí “ẹ́”, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ́ ju ọ̀kan lọ: ó lè fi àmì ohùn lé orí “ẹ”, ó sì lè fi àmì sísàlẹ̀ “é”. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú Git, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, yóò sì máa wí pé a ti yí ìlà padà níbi tí a kò ti yí ohunkóhun. Ní ọdún 1875, àwọn baba wa pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ti máa kọ èdè yìí. Irú ìfẹnukò bẹ́ẹ̀ ni àwa náà nílò: kí gbogbo wa lo ìlànà Unicode tí ń jẹ́ NFC. Kí a sì máa kọ iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ lásán, nítorí Git kì í lè fi ìyàtọ̀ inú ìwé Word hàn ní ìlà dé ìlà.

Èkarùn-ún ni ẹ̀dà ìpamọ́. Iṣẹ́ wà lọ́dọ̀ ẹni gbogbo tí ó gbà á, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́, àyè tí a fún oníkálùkù, àti ìjíròrò wa, inú sáfà nìkan ni wọ́n wà. Ètò náà ní àṣẹ kan tí ń jẹ́ “dump”, tí ń di gbogbo rẹ̀ sínú ẹrù kan. Kí a máa dì í lálaalẹ́, kí ẹ̀dà kan wà ní ìlú mìíràn, kí a sì máa tú u wò lórí ẹ̀rọ mìíràn ní sáà kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀dà tí a kò dán wò rí, a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé e.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò wí: ta ni yóò máa ṣọ́ ilé náà? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ètò náà ń fẹ́ àtúnṣe ní gbogbo ìgbà, nítorí àwọn olè kò sinmi. Bí ọ̀dọ́ kan ṣoṣo bá mọ̀ ọ́n, tí ó sì bá ọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú Òyìnbó, inú ewu tí ó bá ìwé Johnson ni a tún padà sí. Nítorí náà, kí ẹni mẹ́ta jùmọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú, kí wọ́n kọ gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é sílẹ̀, kí wọ́n sì máa kọ́ ẹlòmíràn. Bí a kò bá rí ẹni mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí a wà ní ilé àyágbé ná, kí oníkálùkù sáà gba ẹ̀dà kíkún. Bí a bá sì rí wọn, kò burú kí ẹ̀dà kan ṣì wà lórí GitHub, nítorí ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nítorí náà, àbá wa ni pé kí ìpàdé yìí yan ẹni mẹ́ta náà lónìí, kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, kí àkójọ ọ̀rọ̀ wa sì jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí yóò wọ inú àká. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Olódùmarè fún wa ní ọgbọ́n láti kọ́ ọ, àti ìfaradà láti ṣọ́ ọ. Àmín.