Ohun Tó Ku fún Yunifásítì Láti Kọ́ Oníròyìn

 

Àwọn tó wà níléeṣẹ́ ìròyìn máa ń bi wá pé kí lọmọ ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ lọ́dọ̀ àwa olùkọ́ yunifásítì tí olóòtú tó mọṣẹ́ kò lè kọ́ ọ láàárín oṣù mẹ́fà. Wọn ò jẹ̀bi. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ Ìwé Ìròhìn l'Ábẹ́òkúta. Ó di 1961 kí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níṣẹ́ ìròyìn. Yunifásítì Èkó tẹ̀ lé e ní 1966. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́, ìwé ìròyìn sì ń jáde. Bó bá jẹ́ ká kọ ìròyìn, ká ya fọ́tò nìkan ni, kí àwọn ọmọ lọ bá ọ̀gá kọ́ṣẹ́.

Ohun tó ku fún wa láti kọ́ wọn ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń di ohun tí ará ìlú gbà gbọ́.

Lọ́dún 1929, Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá. Aṣẹ́wó ni tẹ́lẹ̀. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ó wá ń ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Èkó gbà á gbọ́. Ẹ̀yìn-ò-rẹyìn, ó hàn pé Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n. Lẹ́tà wọ̀nyẹn di ìwé ní 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé òun ni ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́.

Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nìkan yóò ní irọ́ ni, yóò sì kọjá lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tiwa yóò tú u palẹ̀: obìnrin náà ń dárúkọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn mọ̀, ó ń kọ orin tí ìlú ń kọ nígbà náà, ó ń gbàdúrà, ó sì fi orúkọ gidi pa mọ́ nítorí ìtìjú. Àìdárúkọ yẹn gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́.

Ẹ wá tẹ́tí sí ohùn irọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lónìí: "Nọ́ọ̀sì ni mí l'Ékòó, ẹ má bi mí lórúkọ, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká ríjà rẹ̀." Ọgbọ́n Sẹ̀gilọlá náà ni. Olóòtú yóò ní ká pe ọsibítù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi gbólóhùn gbígbẹ bí ìkéde ìjọba já irọ́ náà, ta ni yóò fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀? Ẹni tó mọ ohun tó mú kí irọ́ dùn gbọ́ ló lè fi òtítọ́ sí ẹnu tí ìlú ń gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ìgbìmọ̀ yunifásítì kò ju méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹ̀ka iṣẹ́ ìròyìn, ì báà ṣe ti rédíò, ti ìpolówó ọjà tàbí ti fíìmù, ka odindi ọdún kan nínú ìwé ìròyìn Yorùbá àtijọ́ kan kí wọ́n tó gboyè. Kí wọ́n sì máa gbé irọ́ tó ń jà ràn-ìn lórí fóònù wá sí kíláàsì, kí wọ́n tú u, kí wọ́n kọ ìdáhùn rẹ̀ ní Yorùbá tí ìyá alákàrà yóò gbọ́ tí yóò sì sọ fún oníbàárà. Máàkì tó bá jẹ mọ́ ìyẹn, ẹ jẹ́ kó pọ̀.