Dòdò Àná Nínú Ìtọ̀ Òní: Bí A Ṣe Ń Wá Kókó Tó Ń Tú Họ́mónù



Ní 1960, Foy àti Parratt, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní University College Ìbàdàn, kọ̀wé pé serotonin wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Bí ènìyàn bá jẹ ẹ́, ara á sọ serotonin yìí di ohun tí à ń pè ní 5-HIAA, á sì tọ̀ ọ́ jáde. Ẹni tó fi dòdò ṣe oúnjẹ alẹ́ lè tọ ìtọ̀ tí láàbù á fi bẹ̀rù fún un.

Ìdí ẹ̀rù náà ni pé 5-HIAA kan náà ni dókítà ń wá bó bá fura sí kókó neuroendocrine, ìyẹn kókó tó lè máa tú họ́mónù bíi serotonin. Siegfried Oberndorfer, onímọ̀ ará Jámánì, ló fún irú kókó yìí lórúkọ carcinoid ní 1907. Inú ìfun, ẹ̀dọ̀fóró tàbí pancreas ló sábà máa ń ti hù, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í yára dàgbà. Ní 2003 ni wọ́n rí ti Steve Jobs, ọ̀kan lára àwọn tó dá Apple sílẹ̀. 2011 ló tó kú.

Bí èyí tó hù nínú ìfun bá ti dé ẹ̀dọ̀, serotonin á ya wọ inú ẹ̀jẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru tí kò gbóògùn, èémí tó ń súfèé láyà, ooru òjijì lójú àti lọ́rùn. Ìwé òyìnbó ní ojú á pọ́n. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn kì í fara hàn dáadáa; ohun tí aláìsàn á sọ kò ju "ooru ń mú mi" lọ. Wọ́n á ní kí obìnrin fara dà á, pé nǹkan oṣù ló ń dúró. Ọkùnrin á gba oògùn táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan, á tún un gbà.

Nítorí serotonin inú oúnjẹ, bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ìtọ̀ wá fún àyẹ̀wò 5-HIAA, ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tòmátò, píà àti ikàn sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, àti ní ọjọ́ tí ẹ ń gbà á. (Mo mọ̀ pé ọbẹ̀ láìsí tòmátò, ìjà ni nílé.) Ẹ da ìtọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá jí tọ̀ nù, kí ẹ gba gbogbo èyí tó kù títí kan ti òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tún wà fún kókó yìí tó ń jẹ́ chromogranin A. Omeprazole tí à ń rà fún ọgbẹ́ inú bí ẹni ra súìtì máa ń gbé e ga; àìsàn kíndìnrín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí aláìsàn ti dá omeprazole dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì, bí dókítà rẹ̀ bá gbà. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ bá wa kọ orúkọ oògùn tí ẹ tà sórí ìwé.

Síkáànù ńkọ́? CT á fi ibi tí kókó wà àti bó ṣe tóbi tó hàn. Èròjà tó ń jẹ́ DOTATATE ń ṣiṣẹ́ mìíràn: ó ń lẹ̀ mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì kókó náà, gallium-68 onítànṣán tó rù ni ẹ̀rọ PET sì ń rí. Láàárín ìṣẹ́jú 68, ìdajì gallium yìí ti run. Ẹni tó ti há sí Ìbafò lọ́jọ́ tí ọkọ̀ epo dábùú títì Èkó sí Ìbàdàn mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé rìn. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń pèsè rẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í lo kámẹ́rà gámà ní 2006, ṣùgbọ́n gallium-68 kò bá kámẹ́rà yẹn lò.

Kókó tó burú jù lè má gba DOTATATE mọ́ra rárá, kí síkáànù sì mọ́ lófo. Ẹ má jó síbẹ̀. Ẹran díẹ̀ tí a bù lára kókó lábẹ́ maikirosíkóòpù ló ń dájọ́: bí iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín, Ki-67, kò bá tó 3%, kókó náà kì í kánjú, bó bá ju 20% lọ, ó ń sáré.

Lẹ́yìn ìtọ́jú, a ó tún chromogranin ṣe. Láàbù kan náà ni kí ẹ padà sí. Irinṣẹ́ wọn kò dọ́gba, iye tí ẹ gbà ní Ìkẹjà kò ṣeé fi díwọ̀n ti Abẹ́òkúta.