Ẹ Má Tíì Dá Abo Lẹ́bi

Ọ̀rọ̀ akọ ẹlẹ́dẹ̀ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá lọ! Ẹni tí kì í jẹ ẹ́ náà máa rí nǹkan mú lọ.

Ṣàgámù ni mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀, kò jìnnà sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ra abo méjì tó ti bímọ rí, mo sì ra akọ kan, ọmọ oṣù márùn-ún. Akọ yìí ò gbádùn! Ó ń gun abo, ó ń gun ọpọ́n omi. Mo gbé fídíò rẹ̀ sí status WhatsApp mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọkọ ìyàwó ti dé."

Abo ẹlẹ́dẹ̀ tí kò bá lóyún á tún máa wá akọ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 21. Ìparí Oṣù Kìíní ni akọ mi kọ́kọ́ gùn wọ́n. Ọjọ́ 21 pé, wọ́n tún ń wá akọ. A tún un ṣe ní Oṣù Kejì, a tún un ṣe ní Oṣù Kẹta. Pàbó. Oúnjẹ ń lọ, owó ń lọ, oyún ò dúró. Mo bá pe alápatà pé kó wá kó abo méjèèjì, àgàn ni wọ́n.

Bàbá kan tí wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí wa ló dá mi dúró. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, abo tó ti bímọ rí lò ń pè lágàn? Akọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rí bó ṣe ń gùn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ń sáré náà ló gbé èrò?"

Mo fẹ́ yá akọ tiwọn lò, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé ibà ẹlẹ́dẹ̀ tó jà nípìnlẹ̀ Ògùn ní 1997, tó sì tún jà ní Òkè-Aró ní 2020. Akọ tó ń ti ilé kan dé ilé kejì lè gbé àìsàn káàkiri. Wọ́n ní kí n pe dókítà ẹranko.

Ohun tí dókítà ṣàlàyé fún mi nìyí. Kórópọ̀n akọ ẹlẹ́dẹ̀ ti máa ń sọ̀kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀ kí wọ́n tó bí i, àmọ́ kò tíì lè ṣe nǹkan kan. Láàárín oṣù márùn-ún sí mẹ́jọ ló máa ń bàlágà. Ìfẹ́ àtigùn máa ń ṣáájú agbára àtibímọ. Àtọ̀ ọmọdé akọ kì í pọ̀, èyí tí kò dára sì máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní ká dúró títí á fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́jọ.

Dókítà wá wo òrùlé mi. Páànù tó wálẹ̀, kò sí igi kankan, nínú ooru Oṣù Kẹta! Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tiwa, bẹ́ẹ̀ kórópọ̀n ò fẹ́ ooru. Nǹkan bí ọjọ́ 39 ni àtọ̀ fi ń dàgbà níbẹ̀, kó tó tún lo bí ọjọ́ 10 kó lè gbó dáadáa. Ooru tó mú un lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn la máa jìyà ẹ̀.

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ilẹ̀ Yúróòpù àti Éṣíà ni baba ńlá ẹlẹ́dẹ̀ ilé. Kì í ṣe ìmàdò tiwa o, ẹ̀yà mìíràn nìyẹn. Nínú igbó lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́ akọ lè ti bàlágà kí àgbà akọ ṣì máa lé e dànù, títí á fi lo ọdún mélòó kan. Àgbà ló ń dá ọ̀dọ́ dúró níbẹ̀. Nínú ọgbà mi, èmi ló yẹ kí n dá a dúró, mi ò ṣe é.

Mo gbé òrùlé sókè, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó, mo ń wọ́n omi sí i lára lọ́sàn-án. Mo yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méje. Oṣù Kẹfà ló tó gun abo. Ọjọ́ 21 pé, abo méjèèjì dákẹ́! Oyún ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 114. Nígbà tí Oṣù Kẹwàá dé, ọ̀kan bí mẹ́jọ, èkejì bí mẹ́wàá.

Àmọ́ ohun tí mi ò lè gbàgbé ni fóònù tí mo pe alápatà. Mi ò tíì yẹ akọ wò, mo ti dájọ́ abo. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹlẹ́dẹ̀ nìkan là ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí? Mélòó nínú ìyàwó ni wọ́n ń pè lágàn nígbà tí ọkọ ò tíì ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ rí? Tọkùnrin tobìnrin ló yẹ kó jọ lọ sọ́sípítù.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó yẹ.