Láti Cape Town Dé Addo: Àwọn Ẹranko Tó Ṣẹ́kù Lójú Ọ̀nà Etíkun

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpèjẹ ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí ìrìn-àjò tí àwọn kan nínú wa fẹ́ jọ lọ ní oṣù August tó ń bọ̀, láti Cape Town gba etíkun dé Addo, ní Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ti gbé mi gba ọ̀nà náà rí. Tíṣà tó kọ́ wa ní Jọ́gíráfì jókòó síwájú níbí, nítorí náà n óò ṣọ́ ẹnu mi tí ọ̀rọ̀ bá kan máàpù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní N2 ni ẹ ó máa tọ̀. Láti Cape Town dé Gqeberha, ìlú tí gbogbo wa mọ̀ sí Port Elizabeth kí wọ́n tó yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2021, jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 770. Ẹni tó bá ti wa mọ́tò láti Èkó lọ sí Àbújá rí á mọ bí ó ti jìnnà tó, àmọ́ títì tiwọn dán. Apá òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀, bí àwa náà ti ń ṣe kí ìjọba tó yí wa sí apá ọ̀tún ní 1972. Àwọn tíṣà wa á rántí. Ẹ má sáré o. Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi rin ìrìn yìí. Kí ẹ sì mú súwẹ́tà dání, nítorí ìgbà òtútù wọn ni August, atẹ́gùn òkun ibẹ̀ kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ẹranko pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá ilẹ̀ wọn. Rárá o. Àwọn ẹranko tí ìwé àwọn olùṣètò ìrìn-àjò ń fi àwòrán wọn tàn wá lójú ọ̀nà yìí, àṣẹ́kù ni wọ́n. Ọmọ aráyé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n tán kí àwọn kan tó ní ó tó. Níbòmíràn, wọ́n tètè sọ ọ́. Níbòmíràn, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹni tí kò bá mọ èyí, á kàn ya fọ́tò ni, á sì padà wálé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Simon's Town, lẹ́yìn Cape Town, ní etí omi kan tí wọ́n ń pè ní Boulders. Pẹ́ńgúìnì ló wà níbẹ̀, ẹyẹ tí kì í fò, tó máa ń dúró bíi lọ́yà tó wọ aṣọ kóòtù, tó sì ń ké bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wọ́n fi pákó ṣe ọ̀nà tí ẹ ó gbà, ẹ ó sì súnmọ́ wọn débi pé ẹ ó máa gbọ́ òórùn ẹja lára wọn. Ní 1982, tọkọtaya méjì péré ló wá tẹ̀dó síbẹ̀. Lónìí ẹ ó rí wọn lọ jàǹrẹrẹ lórí iyanrìn.

Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín jẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, iye wọn lé ní mílíọ̀nù kan. Wọ́n kó ẹyin wọn jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n tún há ìgbẹ́ ẹyẹ tó ti dì gbagidi sórí àwọn erékùṣù, wọ́n ń tà á fún àwọn àgbẹ̀ bí ajílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ inú ìgbẹ́ yẹn gan-an ni pẹ́ńgúìnì ń gbẹ́ ihò sí kí ó tó yé. Ilé wọn ni wọ́n há tà yẹn! Ẹyin àti ọmọ wá ń jóná nínú oòrùn. Lónìí, tọkọtaya tó ń yé kò tó 10,000 mọ́ ní gbogbo Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà, nígbà tó sì di October 2024, àjọ IUCN kó wọn sí ìpele tó burú jù kí ẹranko tó kúrò nínú igbó pátápátá. Ebi ló ń pa wọ́n báyìí. Sàdíìnì àti ẹja kéékèèké tí wọ́n ń jẹ ti ṣọ̀wọ́n, ọkọ̀ apẹja ńlá sì ń bá wọn du èyí tó kù. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ní March 2025 ilé-ẹjọ́ ní Pretoria sì fọwọ́ sí àdéhùn pé kí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí má pẹja mọ́ ní àwọn apá omi kan tó yí ibùdó pẹ́ńgúìnì mẹ́fà ká, fún ọdún mẹ́wàá. Bóyá ọdún mẹ́wàá á tó, ojú wa ló ń wò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n ní ìrètí díẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní June 2000. Ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Treasure rì láàárín erékùṣù Robben àti Dassen, epo rẹ̀ tú sójú òkun. Àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni dé láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, wọ́n fi ọwọ́ wẹ epo kúrò lára pẹ́ńgúìnì bí 19,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn tó tó iye yẹn tí epo kò tíì kàn, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ lọ sí Port Elizabeth, wọ́n sọ wọ́n sómi níbẹ̀. Èrò wọn ni pé kí wọ́n tó wẹ̀ padà sílé, a ó ti palẹ̀ epo mọ́. Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ mẹ́ta lára, wọ́n sọ wọ́n ní Peter, Pamela àti Percy, gbogbo ayé ń wo bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ bọ̀. Wọ́n délé. Ọ̀nà tí ẹ ó fi mọ́tò gbà yìí ni wọ́n fi apá wẹ̀.

Láti ibẹ̀ ẹ kọjá sí Hermanus, nǹkan bí kìlómítà 120 sí Cape Town, níbi tí àbùùbùtán ti ń wá bímọ láti June títí di November. Ìlú náà ní ẹni tó ń fun fèrè tí wọ́n fi koríko òkun gbígbẹ ṣe, láti kéde ibi tí wọ́n bá ti yọjú. 1992 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àṣà náà. Ẹ wo orúkọ tí àwọn òyìnbó ọdẹ sọ ẹja ńlá yìí, right whale, ìyẹn ni pé òun gan-an ló tọ́ láti pa: kò yára, ó lọ́ràá, bí ó bá sì kú, á léfòó. Ọdún 1935 ni àdéhùn àgbáyé tó ní kí wọ́n má pa á mọ́. Iye wọn sì ti ń gòkè láti ìgbà náà. Ọkọ̀ tí kò bá gba ìwé àṣẹ kò gbọdọ̀ súnmọ́ wọn ju mítà 300 lọ. Àmọ́ kò dìgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀. Fọ́tógíráfà tí a jọ lọ ń bẹ̀rù omi. Ó jókòó sórí àpáta ní tirẹ̀, fọ́tò tó yà sì dára ju ti àwa tí a sanwó lọ.

Bí ẹ bá ní ààyè, ẹ yà sí Cape Agulhas. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ Áfíríkà parí sí ní gúúsù, kì í ṣe Cape of Good Hope. Tíṣà, ẹ ṣeun, a kò gbàgbé.

Ó wá ku Knysna. Igbó tibẹ̀ dúdú, igi rẹ̀ ga, ẹ ó sì rí pátákó lẹ́bàá títì tó ní kí awakọ̀ ṣọ́ra fún erin. Ní ayé àtijọ́, erin rìn ní gbogbo agbègbè yẹn. Ọdẹ àti agégi lé wọn wọ inú igbó, wọ́n sì ń pa wọ́n níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba fi òfin gbà wọ́n, wọn kò pọ̀ mọ́. Ní 2016 àti 2017, àwọn onímọ̀ gbé kámẹ́rà pamọ́ káàkiri igbó náà fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 2019, wọ́n gbé èsì jáde. Erin kan ṣoṣo ni wọ́n rí. Abo ni, ó tó ọmọ ọdún 45.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìwà erin, ẹ mọ̀ pé abo erin kì í dá gbé. Pẹ̀lú ìyá, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ló ń rìn. Àwọn kan ní kí wọ́n kó erin mìíràn wá bá a. Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ara rẹ̀ ti mọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ igbó rẹ̀, àjèjì lè dà á láàmú. Mo dúró létí igbó yẹn fún bí wákàtí kan. N kò retí pé mo máa rí i, n kò sì rí i. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìrìn náà, ibẹ̀ ni ọkàn mi máa ń padà sí jù. Òfin wà, ìfẹ́ wà, owó wà. Wọ́n kàn dé lẹ́yìn tí ilé ti tú ni.

Ẹ kọjá sí Tsitsikamma, ẹ gun afárá tí wọ́n so rọ̀ sórí ẹnu odò Storms. Ọdún 1964 ni ìjọba yà á sọ́tọ̀, òkun àti ilẹ̀ pọ̀. Ó lẹ́wà jọjọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ni láti béèrè ẹni tó ń sanwó ẹwà. Àwọn ará abúlé tí baba wọn ti ń fi ìwọ̀ pẹja níbẹ̀ ni wọ́n sọ fún pé kí wọ́n má débẹ̀ mọ́. Ó di 2016 kí ìjọba tó tún ṣí díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn.

Nígbà tí ẹ bá dé Addo, ẹ ó rí òdìkejì Knysna. Níbẹ̀ náà, erin ń ba oko jẹ́, àwọn àgbẹ̀ sì bínú. Láti 1919, ìjọba gba ọdẹ kan láti pa wọ́n run, ó sì pa ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ní 1931, nígbà tí wọ́n dá ọgbà ẹranko náà sílẹ̀, mọ́kànlá péré ló kù. Mọ́kànlá! Kí wọ́n má baà máa jáde, wọ́n ń fi ọsàn bọ́ wọn. Ní 1954, wọ́n fi irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ tráàmù àti okùn irin ẹ̀rọ agbénisókè ṣe odi tí erin kò lè wó. Láti ara àwọn díẹ̀ yẹn, wọ́n ti lé ní 600 báyìí. Tí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ abo wọn kò ní eyín gígùn, nítorí pé ìdílé kékeré kan ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀.

Títí di òní, èèwọ̀ ni ọsàn nínú ọgbà náà. Àwọn erin yẹn mọ òórùn rẹ̀ débi pé wọ́n lè wá a wọ inú mọ́tò yín. Mo mọ̀ yín, ẹ ó fẹ́ gbé jíjẹ dání; ẹ gbé àkàrà, ẹ fi ọsàn sílẹ̀. Pátákó tún wà níbẹ̀ tó ní kí awakọ̀ yà fún yímíyímí, nítorí pé èyí tó wà níbẹ̀ kì í fò, ìgbẹ́ ẹranko ló sì fi ń tọ́mọ. Ẹ yà fún un o.

Ẹ ó bi mí nípa ìkọlù sí àwọn àjèjì, irú èyí tó wáyé ní 2008, 2015 àti 2019. N kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ojú ọ̀nà yìí kọ́ ni wọ́n ti le jù, àmọ́ ẹ má rìn lóru, ẹ má fi fóònù gbàfẹ́ nígboro, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnìkan nílé mọ ibi tí ẹ bá sùn lálaalẹ́.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ìwé ìrìnnà ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ó máa ń pẹ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó nawọ́. Ẹ̀yin tíṣà ni ká kọ́kọ́ gbọ́ tiyín.