Ẹ Ka Ara Kọ̀ǹdáńsátọ̀ Kí Ẹ Tó Rà Á

Ẹ mú ìwé àti píńsùlù yín. Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ohun kékeré kan tí òmíràn nínú rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Ó lè tún ohùn àwo orin ṣe, ó sì lè bà á jẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹdáńsátọ̀.

Ó lè jẹ́ pé àwo orin àtijọ́ ṣì wà nínú àpótí bàbá yín. Ó lè jẹ́ ti Yusuf Olatunji onísákárà, tàbí ti Haruna Ishola alápàlà. Ó lè jẹ́ ti Orchestre Poly-Rythmo de Cotonou, tí ilé-iṣẹ́ Albarika Store ti Adissa Seidou gbé jáde ní ilẹ̀ Benin wa. Yusuf Olatunji kú ní 1978. Haruna Ishola kú ní 1983. Àwọn ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn wọn kù nínú àwo. Bí a kò bá ní ẹ̀rọ tí ó dára láti fi gbọ́ ọ, àwo náà kò yàtọ̀ sí abọ́ lásán.

Ẹ̀rọ àwo ní abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ náà wà lábẹ́ orí kan. Bí orí náà bá jẹ́ èyí tí ó ní òòfà, iná tí ó ń mú jáde kéré púpọ̀. Ó tó bí ìdá 5 nínú 1000 fóòtì kan. Píìlì kan ṣoṣo ní fóòtì 1,5. Agbára píìlì yẹn ju ti orí ẹ̀rọ lọ ní ìlọ́po 300! Nítorí náà, a nílò áńpílì kékeré kan tí yóò kọ́kọ́ gbé ohùn náà sókè, kí ó tó dé áńpílì ńlá. Ẹni tí ó ti kọ́ iṣẹ́ rédíò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan irú áńpílì kékeré bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ àwo kan wà tí orí wọn kò ní òòfà. Àwọn yẹn kò nílò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Áńpílì kékeré yìí ní iṣẹ́ kejì. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo, wọ́n máa ń dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, irú bí ohùn ìlù ńlá, kí ojú ọ̀nà abẹ́rẹ́ má bàa fẹ̀ jù. Wọ́n sì máa ń fi kún ohùn òkè, irú bí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, kí ó lè borí ariwo tí abẹ́rẹ́ ń pa lórí àwo. Láti 1954 ni wọ́n ti fi ìlànà kan lélẹ̀ fún èyí ní Amẹ́ríkà, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì gbà á. Áńpílì kékeré ni ó ń dá ohùn padà sí ipò rẹ̀. Kọ̀ǹdáńsátọ̀ ni ó sì ń bá a ṣe é.

Kí ni kọ̀ǹdáńsátọ̀ ń ṣe gan-an? Ẹ rántí ámù omi. Àwọn ọmọ ń pọn omi wá ní korobá kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bu omi nínú ámù ń rí omi nígbàkígbà. Kọ̀ǹdáńsátọ̀ jẹ́ ámù iná. Ó ń gba iná pamọ́, ó sì ń fún ẹ̀rọ ní iná bí ẹ̀rọ bá ti fẹ́ ẹ. Ibi mẹ́ta ni a ti ń lò ó nínú áńpílì yìí.

Ibi kìíní ni ibi tí iná ti ń wọlé. Kọ̀ǹdáńsátọ̀ ibẹ̀ tóbi, ó rí bí agolo kékeré. Ẹ ó rí ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín báyìí:

1000 µF 25 V 105 °C

Lẹ́tà µ jọ u, ṣùgbọ́n ó ní ẹsẹ̀ gígùn kan níwájú. F dúró fún orúkọ Faraday, ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan. 1000 µF ń sọ bí ámù náà ti tóbi tó. 25 V ń sọ agbára iná tí ó lè gbà. Bí bátìrì yín bá jẹ́ 12 V, ẹ má ṣe gba èyí tí wọ́n kọ 10 V sí. Bátìrì 12 V tí wọ́n ń fi iná kún lè kọjá 14 V. Nítorí náà, 16 V ti fún díẹ̀. 25 V ni kí ẹ mú. 105 °C ń sọ ooru tí ó lè fara dà. Bí ẹ bá rí 85 àti 105, ẹ mú 105, nítorí pé omi inú rẹ̀ ni ooru ń gbẹ. Èyí tí ó ti gbẹ ni ó ń jẹ́ kí ẹ máa gbọ́ «hùùù» lábẹ́ orin.

Ẹ tún wo ìlà tí ó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú àmì −. Ẹsẹ̀ tí ó wà níhà ìlà náà ni ti −. Bí wọ́n bá fi sí i lódìkejì, yóò gbóná, yóò wú, ó sì lè bẹ́.

Ibi kejì ni ọ̀nà tí ohùn ń gbà kọjá. Níbẹ̀, kọ̀ǹdáńsátọ̀ dà bí asẹ́ ògì. Omi ògì ń kọjá, èèrí ń dúró. Ohùn ń kọjá, iná tí kò mì ń dúró. Ẹ mú èyí tí wọ́n fi awẹ́ pílásítíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe. Kò ní + tàbí −. Bí ó bá kéré ju iye tí ó wà nínú àwòrán ẹ̀rọ lọ, ohùn ìlù ńlá yóò rẹlẹ̀.

Ibi kẹta ni ibi tí a ti ń dá ohùn padà sí ipò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti yẹ kí a ṣọ́ra jù. Kọ̀ǹdáńsátọ̀ ibẹ̀ kéré, ìwé ara rẹ̀ sì kéré. Ẹ kọ èyí:

103 J

Ẹ má ṣe kà á ní ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́ta. Ẹ kọ 10, kí ẹ wá kọ òdo 3 tẹ̀lé e: 10 000. Iye rẹ̀ nìyẹn ní pF, ìwọ̀n tí ó kéré jù µF lọ. Lẹ́tà ẹ̀yìn ń sọ bí ó ti lè ṣìnà tó. J jẹ́ 5 nínú 100. K jẹ́ 10 nínú 100. M jẹ́ 20 nínú 100. Nítorí náà, 103 J lè jẹ́ 9 500 títí dé 10 500. Ṣùgbọ́n 103 M lè jẹ́ 8 000 títí dé 12 000. Ẹ̀yin náà wo bí àlàfo náà ti pọ̀ tó! Bí etí ọ̀tún bá gba 8 000, tí etí òsì sì gba 12 000, ohùn méjèèjì kò ní bára mu. Ẹ mú J, tàbí G, tí í ṣe 2 nínú 100. Níhìn-ín náà, ẹ mú ti pílásítíìkì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, tí wọ́n rí pẹlẹbẹ, máa ń yí padà bí ooru bá mú wọn.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń tà á, ẹ lè sọ báyìí: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ 103 J méjì, ti pílásítíìkì.» Bí ó bá dáhùn pé, «Àbúrò, gba èyí, ọ̀kan náà ni wọ́n,» ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ kà á. Bí ẹ bá rí M lára rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Ẹ má sì rò pé èyí tí owó rẹ̀ ga jù ni ó dára jù. Nọ́ńbà tí ó bá àwòrán ẹ̀rọ mu ni ẹ ń rà.

Ìkìlọ̀ kan ṣe pàtàkì. Ní 1745 àti 1746, Ewald von Kleist ará Jámánì àti Pieter van Musschenbroek ti ìlú Leiden ní Hóláǹdì fi igò tọ́jú iná. Iná inú igò náà gbá ẹni tí ó fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wáyà iná ilé kankan lára rẹ̀. Kọ̀ǹdáńsátọ̀ òde òní náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ tilẹ̀ ti yọ wáyà lára ògiri, iná ṣì lè wà nínú rẹ̀. Áńpílì àtijọ́ tí ó ní gílóòbù lè ní iná tí ó lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe tú u. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó tú u. Ẹni tí ó bá sì ń kọ́ bí a ṣe ń kan áńpílì, bátìrì 12 V ni kí ó fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ yín títí di ìpàdé wa tó ń bọ̀: ẹ kọ 104 K àti 223 J sílẹ̀. Ẹ sọ iye pF tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Èwo ni a lè fi sí ibi kẹta bí àwòrán ẹ̀rọ bá sọ pé 22 000? Ẹ jọ ṣe é nínú ẹgbẹ́ yín, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi han ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ojú tí ó mọ̀wé kà, kì í ra òkùnkùn. Ó dàbọ̀ o.